Fìdítì Ìlú Ọsàn: Ibi Tí Gídígbò Ti Ń Parí Ni Ìjà Inú Àgò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá wọkọ̀ l'Ójòó, n'Ìbàdàn, tó gba ojú títì àtijọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, yóò kọjá Mọ́níyà, yóò kọjá Ìrókò, lẹ́yìn náà ni òkìtì ọsàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé Fìdítì ló dé yẹn. Ọsàn ni ìlú náà fi ń kí àlejò. Ó wà lórí tábìlì, ó wà nínú agbọ̀n, ó wà nínú àpò, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní. Kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa, àwọn ìyá ọlọ́sàn á ti sáré débẹ̀, abọ́ á wà lórí, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́: "Ọsàn rèé o! Oyin ni o! Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú kan, ẹ tọ́ ọ wò ná!" Ẹni tó bá sì tọ́ ọ wò, àfàìmọ̀ kó má rà á.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ọsàn. Ti àwọn ọmọkùnrin tó ń ká ọsàn ni. Ọsàn kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sójú títì. Ẹnì kan ló ń gun igi rẹ̀ tí ẹ̀gún ń ha lápá, ẹnì kan ló ń dì í sínú àpò, ẹnì kan ló ń gbé àpò náà kọ́rùn jáde láti inú oko, tí yóò sì gbé e jù sókè sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọ tó bá ti ń ṣe èyí láti kékeré títí tó fi pé ogún ọdún, ẹ wo ọrùn rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo bí ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣe le tó. (Ọkọ̀ bọ́lẹkájà ló ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nígbà kan lójú ọ̀nà yìí. Ẹ má gbàgbé ìtumọ̀ orúkọ ọkọ̀ náà: bọ́ sílẹ̀ ká jà! Ó dà bíi pé ìjà ti wà lójú ọ̀nà yìí tipẹ́.) Kí wá ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò fi agbára tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́?

Láyé àtijọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò le. Gídígbò ni.

Ìjọba ìbílẹ̀ Afijio ni Fìdítì wà, Jọbẹ́lẹ̀ sì ni wọ́n fi ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú ibẹ̀ ni wọ́n ṣà jọ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Afijio: Awẹ́ àti Akínmọ̀ọ́rìn, Fìdítì, Ìlọrà, Jọbẹ́lẹ̀ àti àwọn yòókù. Onífìdítì ni wọ́n ń pe ọba Fìdítì. Àárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni ilẹ̀ náà wà, ilẹ̀ tí ó sì wà láàárín àwọn méjì wọ̀nyẹn kò lè ṣàì rí ogun. Ní àwọn ọdún 1830 ni Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú. Láàárín ọdún 1860 sí 1862, Ìbàdàn àti Ìjàyè wọ̀yá ìjà, Ìjàyè sì fọ́. Ẹni tó bá kọ́lé sáàárín irú àwọn alágbára bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bí ọ̀lẹ. Ọmọ tí kò bá lè dá ẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ lójúde, ta ni yóò mú un lọ sójú ogun?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe gídígbò káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyí. Òṣùpá á yọ, tàbí kó jẹ́ ọjọ́ ọdún. Ojúde tó ní yanrìn ni wọ́n máa ń lọ. Àwọn èwe á ṣe agbo, onílù á máa fi gángan pe baba tó bí ọmọ, kí orí ọmọ lè wú. Ẹgbẹ́ ló ń bá ẹgbẹ́ jà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í bá ọmọ ogún ọdún wọ̀ ọ́. Àwọn méjì á bọ́ sí àárín, wọ́n á tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ojú á máa ṣọ́ ojú, ọwọ́ á máa wá ọwọ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n á so mọ́ra wọn. Ọ̀kan á fẹ́ gbá èkejì mú ní ìbàdí, èkejì á fẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa kì í tiẹ̀ fi agbára jà. Á jẹ́ kí ẹnìkejì tì í, á sì yẹ̀ lójijì, agbára onítọ̀hún ni yóò gbé e ṣubú.

Wọn kì í kan ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀. Wọn kì í gbá ìgbájú, wọn kì í fi ìka wá ojú, wọn kì í gé ara wọn jẹ. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kété tí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, ó tán. Ẹni tó dá a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, àfi kó fà á lọ́wọ́ dìde. Bí ó bá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn àgbà tó wà ní ìjókòó á bọ́ sí agbo, ìtìjú rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní o. Àwọn kan á di ońdè mọ́ ìbàdí, àwọn kan á ti sín gbẹ́rẹ́ sápá. Àwọn àgbà náà ò kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, wọ́n á ní kí onítọ̀hún lọ tú ohun tó dì kó tó wá. Ẹni tó bá ka ìwé Fágúnwà tó jáde lọ́dún 1938 á rántí ìjà Àkàràoògùn pẹ̀lú Àgbákò, bí agbára ṣe ń bẹ níbẹ̀ tí oògùn náà ń bẹ níbẹ̀. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ìyá tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ wọn fẹ́ lọ jìjàkadì, wọn kì í rántí ti ojúde.

Fìdítì nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ọ̀fà ló gba iwájú nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò sẹ́ni tó máa ki Ọ̀fà tí kò ní í dárúkọ ìjàkadì. Àwọn Hausa ní dambe, tí wọ́n ní àárín àwọn alápatà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ti dambe le díẹ̀: ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń kàn. Wọ́n á fi aṣọ àti okùn di ọwọ́ kan le gbagidi, ọwọ́ náà ni wọ́n ń pè ní ọ̀kọ̀. Ọwọ́ kejì tí wọn ò dì ni apata. Síbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ bá fi ọwọ́ tàbí orúnkún kan ilẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti pa á nìyẹn, ó parí. Ní Senegal, laamb ni wọ́n ń pe tiwọn, pápá ìṣeré ló sì ń kún fún èrò nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú ti pàdánù. Ní Japan, àwọn sànmọ̀rí tó ń ja sumo, ohunkóhun yàtọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tó bá kan ilẹ̀, wọ́n ti lulẹ̀. Ẹ wò ó bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan. Àwọn tí wọn ò ríra rí, ilẹ̀ ni gbogbo wọn fi ṣe adájọ́.

Ó wá di ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1993, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan kó ọkùnrin mẹ́jọ jọ, wọ́n mọ àgò onírin yí pèpéle ìjà ká, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ irú ìjà tó lágbára jù láyé. Ultimate Fighting Championship ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀, òun ni ayé ń pè ní UFC lónìí. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò wà níbẹ̀, àwọn oníkaratee wà níbẹ̀, onísumo wà níbẹ̀. Wọn ò wọn ìwúwo ẹnikẹ́ni mọ́ ti ẹlòmíì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òfin méjì péré ló wà: má gé ni jẹ, má fi ìka bọ ni lójú. Ẹni tó bá borí gbogbo wọn lóru ọjọ́ kan náà yóò gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta dọ́là.

Ìjà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà, onísumo kan ló jà á, Teila Tuli ọmọ Hawaii, ọkùnrin tí ìwúwo rẹ̀ ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ. Gerard Gordeau ará Netherlands ló kò ó lójú, òun ń fi ẹsẹ̀ jà. Tuli kì í lọ bí ẹní gbá màlúù, Gordeau yẹ̀, Tuli ṣubú. Níbi tí wọ́n ti kọ́ Tuli, ìjà ti parí nìyẹn, wọ́n á fà á dìde. Gordeau ò mọ ìyẹn. Bí ó ti wà nílẹ̀, Gordeau ta á nípàá lẹ́nu, eyín fò jáde. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Onísumo ń ja ìjà tó parí nílẹ̀, ẹlòmíì sì ń ja ìjà tí ilẹ̀ kò jẹ́ nǹkankan nínú rẹ̀.

Ẹni tó wá gba owó lálẹ́ ọjọ́ náà tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Royce Gracie ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Brazil, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Àwọn tó rí i ní kí ni eléyìí fẹ́ ṣe? Ó ní ìdí tí wọ́n fi mú un. Rorion ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn tó dá ìdíje náà sílẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ mú àbúrò tó tẹ́ẹ́rẹ́ kí ayé lè rí i pé ọgbọ́n ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe iṣan. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin Japan kan, Mitsuyo Maeda, tó dé Brazil lọ́dún 1914, ni ìdílé wọn ti kọ́ ọgbọ́n náà. Gracie kì í bá ẹnikẹ́ni dúró kan ẹ̀ṣẹ́. Á so mọ́ ẹ, á wọ́ ẹ lọ sílẹ̀. Ibi tí ọmọ Fìdítì á ti ní "mo ti dá ẹ", ibẹ̀ ni Gracie á ti ní "ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kù". Ó lè fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ lélẹ̀ gbalaja kó sì fi ẹsẹ̀ ká ẹ mọ́ra bí ìtàkùn, kó máa wá ọrùn ẹ, kó máa wá ìgúnpá ẹ. Nígbà tó bá rí i, ọwọ́ lo máa fi gbá ilẹ̀ pé o gbà. Ìbílẹ̀ fi ẹ̀yìn tó kanlẹ̀ ṣe àmì pé ó tó; Gracie fi ọwọ́ tó ń gbálẹ̀ ṣe tirẹ̀.

Art Jimmerson tó jẹ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò wọ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo wá bá a jà, ọwọ́ kejì wà lófo. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ní ohun tó ń rò. Gracie gbé e lulẹ̀, ó gun orí ikùn rẹ̀, Jimmerson sì gbálẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tíì fún un lọ́rùn rárá. Ken Shamrock ló tẹ̀ lé e, wọ́n fún òun lọ́rùn. Gordeau ló kẹ́yìn. Ó ti rí i pé nǹkan fẹ́ bà jẹ́, ó gé Gracie létí jẹ. Gracie fún un lọ́rùn títí, kódà nígbà tó gbálẹ̀, kò tètè tú u sílẹ̀. Ó tún borí lọ́dún 1994 nígbà méjì, nínú ìdíje kejì àti ìkẹrin.

Láti ọjọ́ náà ni oníkaratee ti lọ ń kọ́ ìjàkadì, tí oníjàkadì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà ti mọ èyí tipẹ́, pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ìlú ò sì dákẹ́ o. Lọ́dún 1996, sẹ́nétọ̀ John McCain kọ̀wé sí àwọn gómìnà pé kí wọ́n fòfin dè é, ó fi í wé kí èèyàn máa fi àkùkọ jà, pé èèyàn ni wọ́n fi dípò àkùkọ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lé wọn jáde. Ohun tó gbà wọ́n là ni òfin tí wọ́n ṣe ní New Jersey ní nǹkan bí ọdún 2000 sí 2001: wọ́n ń wọn ìwúwo, wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́, dókítà ń jókòó tì wọ́n, adájọ́ lè dá ìjà dúró. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ti wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta á nípàá lórí mọ́. Ìpàá tó yọ eyín Tuli ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ojúde ti mọ̀ kí ọkọ̀ tó wọ Fìdítì, ọdún bíi méje ló gba àwọn wọ̀nyí kí wọ́n tó gbà díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó ń gbé àpò ọsàn. Gídígbò abẹ́ òṣùpá ti ń di ìtàn. Fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ìjà inú àgò ló wà nínú fóònù náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa dán ohun tí wọ́n rí wò. Kò sí àgbà ní ìjókòó. Ojúde tó ní yanrìn tẹ́lẹ̀, bíríkìlà ti fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ. Ọmọ tí wọ́n gbé sókè tí wọ́n fi orí rẹ̀ lé yanrìn á dìde gbọnra. Èyí tí wọ́n fi orí rẹ̀ lé sìmẹ́ǹtì, ilé ìwòsàn ló kàn. Ọrùn fífún tún burú jù ú lọ. Bí apá bá ká iṣan ẹ̀jẹ̀ méjèèjì tó lọ sórí, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti tó kí èèyàn fi dákú. Nínú àgò, adájọ́ ń wò ó, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ọwọ́ tó bá gbálẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìnkùlé, ta ló kọ́ wọn? Ọ̀kan á máa gbálẹ̀, èkejì á rò pé eré ló ń ṣe.

Èyí kì í ṣe pé kí ìyá ọmọ wá gba fóònù kó sì fi ọ̀pá lé ọmọ sílé. Ìyá Israel Adesanya gbìyànjú ẹ̀. Èkó ni wọ́n bí ọmọ náà sí lọ́dún 1989, ó ń kọ́ taekwondo nílé ìwé, ó fara pa, ìyá rẹ̀ ní kó jáwọ́. Wọ́n kó lọ sí New Zealand, àwọn ọmọ ilé ìwé ń fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀, nígbà tó dàgbà, ó tún padà sídìí ìjà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ó lu Robert Whittaker ní Melbourne, ó gba bẹ́líìtì UFC. Kamaru Usman tí wọ́n bí ní Auchi ti gba tirẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà. Ìjàkadì ni Usman fi dé ibẹ̀. Ó ti gba ipò kìíní nínú ìjàkadì àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010. Ká má fi dídùn inú rẹ̀ tan ara wa ṣá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Usman ń borí lọ, kò ku ìṣẹ́jú kan kí ìjà parí, Leon Edwards ta á nípàá lórí, ó nà gbalaja. Sean Strickland ló gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Adesanya ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Ẹni tó yẹ kí wọ́n máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Fìdítì jù ni Oumar Kane ti Senegal, tí wọ́n ń pè ní Reug Reug. Laamb ló fi dàgbà, orí yanrìn, bíi ti gídígbò gẹ́lẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó borí Anatoly Malykhin ará Rọ́ṣíà, ó sì gba bẹ́líìtì àwọn tó wúwo jù nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní ONE. Àwọn ará Senegal ò jẹ́ kí yanrìn wọn di sìmẹ́ǹtì ló fà á.

Nílé níbí, obìnrin ló ti ń gba iyì lórí ìjàkadì. Odunayo Adekuoroye, ọmọ Àkúrẹ́, gba wúrà nínú ìdíje Commonwealth lọ́dún 2014, 2018 àti 2022, ó gba fàdákà àgbáyé lọ́dún 2017. Gbogbo èèyàn rò pé yóò gba ti Olympic ní Tokyo lọ́dún 2021. Ó ń borí lọ nínú ìjà àkọ́kọ́, ni Anastasia Nichita ará Moldova bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Ó parí. Ẹni tó dá a kò fọwọ́ kàn án mọ́. Blessing Oborududu ló wá gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Tokyo náà, òun ló sì kọ́kọ́ fi ìjàkadì gba àmì ẹ̀yẹ Olympic fún orílẹ̀-èdè yìí. Dídá tí wọ́n ń dá ara wọn nílẹ̀ yìí kò jìnnà sí ti ojúde. Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ni lẹ́sẹ̀ ti kọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó kù fún un ni tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, olùkọ́ tó mọṣẹ́, àti ẹni tí yóò sọ pé ó tó.

Nínú ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún eré ìbílẹ̀: ayò wà níbẹ̀, àbùlà wà níbẹ̀, lángà wà níbẹ̀. Ìjàkadì ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀, orúkọ tí àwọn Hausa ń pè é, kokawa, ni wọ́n sì fi ń pè é. Ọmọ Fìdítì tó bá mọ gídígbò, tó sì fẹ́ jà fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kokawa ni yóò forúkọ sílẹ̀ fún.